Bí Mo Ṣe Fi Ẹsẹ̀ Lásán Kí Oòrùn Káàbọ̀

Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Ìgàndó, ìbéèrè kan náà ni gbogbo àdúgbò ń bi mí. Ṣé mo rí yìnyín? Ṣé lóòótọ́ ni pé èéfín ń jáde lẹ́nu ènìyàn bó bá ń sọ̀rọ̀? Alága àwọn onílé òpópónà wa tilẹ̀ bi mí bóyá òtútù ọ̀hún ló jẹ́ kí àwọ̀ mi mọ́lẹ̀ díẹ̀. Mo dá gbogbo wọn lóhùn pé n ó kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí olùkọ́ ni mí, ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìwé, ohun tí mo bá sì kọ kì í ní irọ́ nínú. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kì í ṣe yìnyín ni mo lọ wò ṣá. Ọmọ mi Mojísọ́lá ni mo lọ wò, nítorí pé kò sunkún ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa mọ̀ pé ó ti di ọdún kejì tí Ìyá Mojí ti fi mí sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa. Nọ́ọ̀sì ni Mojí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kékeré kan létí òkun, lókè pátápátá ní ilẹ̀ Skọ́tílándì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀, bó bá jáde kò ní lè wọlé mọ́. A sin ìyá rẹ̀ sí Èkìtì láìsí i níbẹ̀. Orí fóònù ni mo ti túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún un. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì bi mí bóyá mo ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ ìyá rẹ̀ mọ́. Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, á ní iṣẹ́ ń pe òun. Àwọn ẹbí ní Èkìtì ń sọ kiri pé òyìnbó ti gba ọkàn ọmọ náà.

Èmi náà bínú sí i, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù nínú fídíò tí a fi ń rí ara wa, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀, ìbínú mi bá di ẹ̀rù. Ẹ̀rù bà mí gan-an ni. Mo ní bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n ó jókòó tì í, n ó sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún un, yóò sunkún, ara á sì tù ú. Ohun tí mo gbé dání kúrò nílé nìyẹn.

*Ìlú tí afẹ́fẹ́ kò mọ àgbà*

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú dá yín dúró. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ lẹ́yìn òjò ti mọ bí ara ṣe ń ro èrò ọkọ̀.

Ìparí oṣù kejì ni mo dé. Mojí dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ó sì kúnlẹ̀ kí mi níbẹ̀ níṣojú gbogbo òyìnbó, àwọn èèyàn ń fa àpótí wọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò tètè gbé e dìde. Ìgbà tí mo wá dì mọ́ ọn ni mo mọ̀ pé fídíò ti ń tàn mí jẹ. Eegun èjìká ọmọ mi ni ọwọ́ mi bà. Bí a sì ṣe ń jáde síta báyìí ni afẹ́fẹ́ gba fìlà lórí mi, kò tọrọ àforíjì, ó gbé e lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ẹ̀wù mẹ́rin léra wọn, mo jáde lọ mọ àdúgbò. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ni mo kí. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe jí, mo bèèrè àwọn ará ilé wọn. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ nǹkan tó fi dí etí, ó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá mo ti ṣìnà. Nígbà tí mo ròyìn fún Mojí, ó ní mi ò mọ̀ wọ́n rí, kí ló dé tí mò ń kí wọn. Mo bi í léèrè ìgbà tó ti di pé a gbọ́dọ̀ mọ ènìyàn kí a tó kí i. Mi ò jáwọ́ jàre. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bàbá arúgbó kan tó máa ń mú ajá rẹ̀ rìn ti ń sọdá títì wá bá mi kí ó lè kọ́kọ́ kí mi.

Bó bá ti kí mi tán, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló kàn. Gbogbo wọn ni. Ṣé òjò máa rọ̀, ṣé afẹ́fẹ́ máa rọlẹ̀, ṣé oòrùn á yọjú lónìí. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn kò ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu ni. Mojí ló wá là mí lóye. Ó ní nínú oṣù kejìlá, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ nígbà tí òun bá wọ ibi iṣẹ́, oòrùn á sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ènìyàn lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ó máà fojú kan oòrùn. Ọyẹ́ tiwa a máa la ètè, a máa ta ojú, ṣùgbọ́n kò gba oòrùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Mo wò ó bó ṣe ń sọ ọ́, mo sì rí i pé òun gan-an kò tíì jáde kúrò nínú òkùnkùn ọ̀hún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè oúnjẹ, ohun tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀ jọ ògì tó ki, ọkà kan tí wọ́n ń pè ní óòtì ni wọ́n fi ń sè é, iyọ̀ ni wọ́n sì ń bù sí i. Iyọ̀ o. Mo wá àkàrà tí n ó fi gbé e wọlé, mi ò rí. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó gbà fún un, nígbà tí mo sì fi máa padà, mo ti ń bù ú lẹ́ẹ̀mejì.

*Àwo tó ti mọ́*

Ọjọ́ Sátidé kan tí Mojí kò lọ síbi iṣẹ́, mo se ẹ̀gúsí tí mo rà ní Ìkòtún, mo ju irú sí i, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Mo ro ẹ̀bà. Ó jẹ òkèlè mẹ́ta, ó ní òun ti yó. Mo rò pé àkókò ti tó. Mo ní, ìyá rẹ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dín ẹ̀gúsí kó tó lómi, nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún tí kò lè dúró nídìí ààrò mọ́. Kí n tó parí rẹ̀, ó ti dìde. Ó kó àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ó fọ èyí tí a jẹ, ó fọ èyí tí a kò fọwọ́ kàn, ó kó èyí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń fọ̀ ọ́. Mo pè é, ó ní òun ń bọ̀. Kò bọ̀.

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé òótọ́ ni àwọn ará Èkìtì ń sọ, pé òkúta ló kù láyà rẹ̀. Mo kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà kí ó tó jáde lẹ́nu mi tán. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó kí mi pé ó dàárọ̀, oòrùn ò sì tíì wọ̀.

*Ẹní rọ́bà*

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, mo rí i tó ká ẹní rọ́bà kan sábẹ́ apá, ó fẹ́ jáde. Mo bi í níbi tó ń lọ, ó ní yógà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà ló ti wá. Wọ́n máa ń na ara, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa mí sínú, wọ́n á máa mí síta, wọ́n á sì fi ìró kan parí rẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ń fà gùn lẹ́ẹ̀kan náà. Òrìṣà ni mo kà á sí. Mo ní ọmọ tí a ti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ wọ̀ láṣọ funfun, tó dàgbà sínú ìjọ wa ní Ìṣẹ̀rí-Ọlófin, òun ló wá ń lọ forí balẹ̀ fún ohun tí kò mọ̀. Mo sọ̀rọ̀ náà gùn bí olùkọ́ tó bá ọmọ kíláàsì tó ń pariwo.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Bàámi, nínú oṣù kejìlá mo wa ọkọ̀ mi dé ibi iṣẹ́, mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì. Mọ́ríìn tó ń kọ́ wa ní yógà ló kan fèrèsé. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó mú mi lọ síbẹ̀, ó ní kí n ṣáà máa mí. Ibẹ̀ nìkan ni èémí mi ti ń délẹ̀."

Wákàtí méjì, ọmọ mi nìkan, nínú òtútù yẹn, èmi sì wà ní Ìgàndó tí mò ń bínú sí i pé kò pè mí.

Mọ́ríìn fúnra rẹ̀ wá kí wa lọ́jọ́ kan. Ìyá àgbà tó lé ní àádọ́rin ọdún ni, ó ga, ó gbẹ, ó ti fi ọgbọ̀n ọdún pín lẹ́tà kiri àwọn abúlé tó wà létí òkun yẹn. Mo gbé ẹ̀bà fún un, ó fi fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́ tán, ó ní òun ò jẹ irú rẹ̀ rí, ó sì ṣe bí ẹni tí kò bínú sí i. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, ó bi mí ní orúkọ ìyàwó mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni, tààrà. Mo ní Modúpẹ́. Ó tún un pè lẹ́nu, kò pè é dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú. Mojí kúrò nínú yàrá. Mọ́ríìn wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń mu tíì rẹ̀ lọ.

Kí ó tó lọ ló pè mí. Ó ní ọjọ́ kan wà nínú oṣù kẹta tí ọ̀sán àti òru máa ń gùn bákan náà. Bí ọjọ́ náà bá mọ́, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe yógà máa ń lọ sétí òkun kí oòrùn tó yọ, wọ́n á sin ìgbà òtútù jáde, wọ́n á sì kí ìgbà ìrúwé káàbọ̀. Ó ní kí a wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó sì fẹ̀, kí ẹ̀mí wa sì wà ní pẹ̀lẹ́. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ìgbà òtútù bá ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lè wá.

*Ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru dọ́gba*

Mo gbà láti lọ, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo túra sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ ṣe fún ọmọ mi. Mo ní bó bá jẹ́ ẹ̀mí àìmọ́ ló wà níbẹ̀, kí ó bá mi nínú aṣọ àdúrà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo wọ aṣọ funfun mi, mo di àmùrè, mo múra tán.

Ẹ̀yin ará ìjọ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ yẹn, ó ti bọ́ bàtà nìyẹn. Mojí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ olówùú àti bàtà onírun lọ́wọ́, ó ń bẹ̀ mí. Ó ní omi ti dì lórí koríko. Mo ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ta òróró sí mi lórí, mi ò fi bàtà tẹlẹ̀ nínú aṣọ yìí rí, mi ò sì ní torí Skọ́tílándì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ni àwọn tó ti gbé ìlú òyìnbó rí wá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní inú àpò ni wọ́n máa ń gbé aṣọ náà sí, ẹnu ilẹ̀kùn ìjọ ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Ọgbọ́n yẹn kò wá sí mi lọ́kàn. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọ̀gá ilé-ìwé.

Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ìṣẹ́jú kìíní dùn mí, ìkejì jó mi bí iná, nígbà tó fi di ìkẹta mi ò mọ̀ bóyá mo ní ẹsẹ̀ mọ́. Mo ń rẹ́rìn-ín sí Mojí kí ó má baà mọ̀. Àwọn èèyàn bíi méjìlá ti wà níbẹ̀, bàbá alájá náà wà láàárín wọn. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ara wọn, wọ́n yáa gbójú sí òkun. Ìwà wọn nìyẹn, wọ́n ń bẹ̀rù kí wọ́n má dójú ti ènìyàn.

Mọ́ríìn bẹ̀rẹ̀. A na ọwọ́ sókè, a mí sínú. A tẹ̀ síwájú, a mí síta. A tún sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i, àfi bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tó wá yí ọkàn padà. Èmi dọ̀bálẹ̀ tán pátá, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró lágbedeméjì. Nígbà tí ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lókè òkun, a jókòó, wọ́n sì fa ìró náà. *Óòm*. Bí èémí ẹnìkan bá tán, ti ẹlòmíràn ń lọ, kò já. Mo pa ẹnu dé. Àdúrà ààbò ni mò ń gbà nínú mi, mo sì ń gbà á kíákíá.

Wọ́n ní ká dìde wo oòrùn. Mo dìde, ẹsẹ̀ kò gbà mí. Mo ṣubú lulẹ̀ gbì, nínú aṣọ funfun, sórí koríko dídì yẹn.

Mojí ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó fa ẹsẹ̀ mi, ó wò ó, ó ti di àwọ̀ eérú. Ó tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó kó ẹsẹ̀ mi méjèèjì sínú, ó fi wọ́n mọ́ ikùn ara rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra á, ó ń ra á. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣíwọ́, ó kàn di ẹsẹ̀ mi mú.

Ó ní, "Bàámi, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kú mọ́ mi lójú ni? Ti Màmá, mi ò sí níbẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀, Bàámi."

Ẹkún bá dé. Kì í ṣe ẹkún tí ènìyàn ń fi ìka nù. Ọmọ mi ké láti ìsàlẹ̀ ikùn, mo ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ mi mọ bó ṣe ń gbọ̀n. Ó ń pe ìyá rẹ̀. Ọdún méjì ni mi ò ti gbọ́ "Màmá" lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo ti la ẹnu láti sọ pé ó tó, má sunkún mọ́, ṣe bí akin. Ohun tí àwa máa ń sọ nílé nìyẹn, bí ẹkún bá ti ń dé ni a ti ń lé e lọ. Èmi tí mo wọkọ̀ òfuurufú nítorí ẹkún yìí gan-an, òun ni mo tún fẹ́ dá dúró. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú àwọn àlejò yẹn tó ní kó dákẹ́. Wọn kò sá lọ, wọn kò rọ́ bò ó. Wọ́n rọra jókòó padà yí wa ká, Mọ́ríìn sì tún fa ìró náà, gbogbo wọn gbè é, wọ́n gbé e dúró bí wọ́n ṣe ń gbé ìbòrí sókè lórí ẹni tí òjò ń pa. Mo pa ọ̀rọ̀ mi mọ́. Mo mí sínú, mo sì bá wọn fà á. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ará ìjọ. Mo fà á pẹ̀lú gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi.

Oòrùn ti yọ tán kí ó tó dákẹ́. Ó fi apá aṣọ mi nu imú, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ó ní ebi ń pa òun. Bàbá alájá ló gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀ délé, Mojí sì jẹ ẹ̀bà àná pẹ̀lú ẹ̀gúsí, ó lá àwo.

*Ìgàndó*

Òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀ nígbà tí mo padà dé. Mo ti sọ fún àwọn àgbà ìjọ ohun tí mo ṣe, èmi fúnra mi, kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Inú àwọn kan kò dùn sí i, wọ́n bi mí ohun tí mo forí balẹ̀ fún. Mo ní òtútù ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, a ṣì ń jà lé e lórí, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ìwé Mojí ti jáde, ó ń bọ̀ nílé kí ọyẹ́ tó dé, a jọ ń lọ Èkìtì.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán, ó pè mí. Ó kí mi, ó bèèrè ara mi, ó wá ní, "Bàámi, ẹ sọ fún mi bí ọjọ́ ìsìnkú Màmá ṣe rí. Ẹ má fo nǹkan kan."

Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo sọ ọ́. Mo sọ aṣọ tí a wọ̀ fún ìyá rẹ̀ fún un, mo dárúkọ àwọn tó wá, mo sọ bí àwọn obìnrin ṣe kọrin tí ohùn wọn fi há. Mo dé ibi tí wọ́n ti fún mi ní ṣọ́bìrì kí n da iyẹ̀pẹ̀ sí ibojì, tí àwọn àgbà di apá mi mú tí wọ́n ní okùnrin ni mí, kí n mọ́kàn le. Mo mọ́kàn le lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹkún ti gbé mi, èmi bàbá arúgbó, lọ́sàn-án gangan.

Mojí kò ní kí n dákẹ́. Ó dúró lórí fóònù, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀, títí mo fi sunkún ìyàwó mi tán.